Epo Aláwọ̀ Ewé Lọ́jọ́ Ìsìnkú Malachy

Kí n tó sọ ohun tí ìjọba ṣe fún Attracta Gilhooly, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ẹ̀bi ara mi pamọ́ sẹ́yìn ìjọba. Fintan McGoldrick ni mí. Ilẹ̀ mi àti ilẹ̀ Malachy ọkọ rẹ̀ pààlà, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wa, ogójì ọdún la sì fi ń bá ara wa kó koríko wọlé kí òjò tó dé. Ní Gortavary abúlé wa níbí, òjò kì í pẹ́ dé.

Epo méjì ni à ń lò. Epo funfun, tí ìjọba ti gba owó orí lórí rẹ̀, òun ni ti mọ́tò. Epo aláwọ̀ ewé, tí wọ́n po aró sí kí ojú lè dá a mọ̀, kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, ti katakata àti iṣẹ́ oko nìkan sì ni. Ẹni tó bá da aláwọ̀ ewé sínú mọ́tò tó ń rin títì, tí ọwọ́ àwọn kọ́sítọ́mù bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, adájọ́ sì lè bu ẹgbẹ̀rún márùn-ún yúrò lé e lórí. Gbogbo wa la mọ òfin yìí. Gbogbo wa la sì ń da epo náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, jíìpù mi ti mu ewé ju àwọn màlúù mi lọ.

Malachy nìkan ni kì í bá wa dà á. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà nínú abà rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó wà lọ́tùn-ún kò sì mọ ìdí katakata rí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà lósì kò mọ ìdí mọ́tò. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù kọ́sítọ́mù. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí nǹkan dà pọ̀ mọ́ra ni. Nígbà tó bá rí mi tí mo ń rọ tèmi lẹ́yìn abà, á ní, "Fintan, jíìpù yẹn á hù lọ́jọ́ kan. Wàá jí láàárọ̀, wàá bá a tí màlúù ń jẹ ẹ́." A óò rẹ́rìn-ín, màá sì máa rọ epo mi lọ.

Oṣù Kejì ọdún ló kú, àyà ló pa á. Kó tó kú, níwájú Fadá tó wá fi òróró yàn án, ó ní òun kò ní wọ mọ́tò dúdú tí wọ́n fi ń gbé òkú. "Mi ò mọ ẹni tó ń wà á," ló wí. "Ẹ gbé mi sórí tírélà koríko mi, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn Massey, kí Fintan wà á, kó má sáré." Massey yẹn ni katakata pupa tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó ti dàgbà ju èmi lọ. Fadá ní kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Attracta ní bó ṣe fẹ́ ẹ ni yóò rí.

Mọ́ńdè ni ìsìnkú bọ́ sí. Nítorí pé a kì í ṣí sàréè lọ́jọ́ Mọ́ńdè níbí, a ti lọ bẹ́ ìṣù erùpẹ̀ kan tòun ti koríko orí rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí a lè sọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa aládùúgbò la gbẹ́ ẹ fúnra wa, a kì í san owó fún ẹnikẹ́ni kó wá gbẹ́ sàréè ẹni wa. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, mo to ìdì koríko mẹ́rin sórí tírélà, a gbé pósí lé e, a fi okùn dè é. Ìdì karùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Attracta ló ní kí n gbé e sí i, kò sọ ìdí, èmi náà kò bi í.

Bí òkú bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀ rẹ̀. Mo dúró ní géètì pápá Malachy. Àwọn màlúù rẹ̀ mọ ìró Massey, wọ́n wọ́ wá gbogbo wọn, nítorí pé láti òwúrọ̀ kò tíì sẹ́ni tó fún wọn lóúnjẹ. Attracta sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọmọ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù dúdú rẹ̀ lọ́rùn, ó tú ìdì karùn-ún, ó sì ń da koríko gba òkè géètì fún wọn ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ títí tó fi tán. Kò sunkún. Àwa la sunkún. Lẹ́yìn náà ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó yá, Fintan."

Ibi tí n kò fẹ́ sọ la dé yìí.

Ìsìnkú ńlá ni. Mọ́tò bí ọgọ́ta ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri itẹ́ òkú, jíìpù ló pọ̀ jù nínú wọn, mo sì lè fi ìka ọwọ́ kan ka àwọn tí epo funfun wà nínú wọn. A sọ pósí sínú ilẹ̀. Fadá bẹ̀rẹ̀ rósárì. Gbogbo wa ń dáhùn, ohùn àwa ọkùnrin sì ń dún láti ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹnì kan ríran. Ọkọ̀ funfun àwọn kọ́sítọ́mù wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin méjì sì ń ti inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgò àti rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa epo jáde nínú táńkì ẹni.

Ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìn wa kọjá láti etí dé etí. Fadá pe "Mo kí ọ, Màríà," ogójì ohùn dáhùn. Ó tún pè é, ogún dáhùn. Nígbà tó fi máa pè é ní ìgbà kẹfà, ohùn obìnrin nìkan ló kù. Fadá kò gbójú sókè. Ó mọ ìjọ rẹ̀.

Èmi náà lọ. Concepta ìyàwó mi ló wa jíìpù wa wá, èmi ni mo sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo fi Massey sílẹ̀ sí ẹnu géètì itẹ́ òkú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn án. Katakata ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni epo ewé, òun nìkan ni mo kà sí aláìlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo bá jíìpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, àwọn tó ni wọ́n jókòó sínú wọn nínú aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà. Nígbà tí mo dé, àwọn obìnrin ló ń kún sàréè. Concepta mú ṣọ́bìrì, Attracta mú ṣọ́bìrì, Fadá ká aṣọ rẹ̀ sókè, òun náà ń ti erùpẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò láyé, n kò rí i rí kí obìnrin máa da erùpẹ̀ bo ọkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọkùnrin àdúgbò ti sá lọ gbé jíìpù pamọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́sítọ́mù tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì ń jẹ́ Hanratty, ọmọ ìlú ńlá, kò tíì pé ogójì ọdún. Mọ́tò tó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò ju mẹ́rin lọ mọ́, epo funfun ló sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá yí ojú sí Massey. Ó ti rọ́bà bọ táńkì rẹ̀, ó fa díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sókè wò. Ewé.

"Ta ló ni katakata yìí?" ló bèèrè.

Attracta kò dáwọ́ dúró. "Ẹni tó ni ín ni mò ń da erùpẹ̀ bò yìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìṣẹ́lẹ̀." Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dù ú. "Àmọ́ epo oko ló wà nínú ẹ̀, ojú títì ló sì gbà wá."

"Katakata ni. Kí ni kó mu, wáìnì?"

"Tó bá ń ṣiṣẹ́ oko, kò sí wàhálà, mà, kódà lójú títì. Àmọ́ ìsìnkú kì í ṣe iṣẹ́ oko."

Attracta wá nàró. Ó na ṣọ́bìrì náà sí i. "Gbà, bá mi kún un dé òkè. Tó o bá ṣe tán, wá sọ fún mi bóyá iṣẹ́ oko ni tàbí kì í ṣe iṣẹ́ oko."

Kò gbà á. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, wọ́n pe ọkọ̀ ńlá kan, kó sì tó di agogo méjì, wọ́n ti gbé Massey Malachy sórí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ. Tírélà ṣófo ló kù lẹ́nu géètì. Èmi àti Concepta la fi ọwọ́ tì í lọ sílé, obìnrin náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìwé dé. Attracta ránṣẹ́ pè mí, ó bu tíì fún mi, ó gé búrẹ́dì, ó fi bọ́tà sí i, ó wá ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ìjọba ní bí ó bá san ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ yúrò, tí ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, kó wá gbé katakata rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kóòtù.

Mo ní, "Owó kọ́ ni ìṣòro. A ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Mísà. Gbogbo wa á dá a."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó dá a. Ó yẹ kẹ́ ẹ dá a. Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ pé èmi, Attracta Gilhooly, gbà pé lọ́jọ́ báyìí báyìí, wọ́n lo katakata mi fún ohun tí kò bófin mu.

"Kí la ṣe lọ́jọ́ yẹn tí ò bófin mu, Fintan?" Ó wò mí. "Yàtọ̀ sí tìrẹ."

Mo gbé tíì mi mu.

"Ẹni tí kì í dà wọ́n pọ̀ rí ni," ló wí. "Ogójì ọdún, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì káàkiri abà bíi aláìsàn. Mo máa ń bú u. Mo máa ń sọ pé, 'Malachy, ta ló ń wò ẹ́?' Kí n wá fọwọ́ síwèé pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí ò lè gbẹnu sọ fún ara ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló rúfin? Wọn ò ní rí ọwọ́ mi níbẹ̀. Kọ́bọ̀ mi gan-an, wọn ò ní rí i."

"Wọ́n á gba katakata náà pátápátá."

"Kí wọ́n gbà á."

Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó sọ ìyẹn. Mo mọ ohun tí Massey náà jẹ́ fún un. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn ní ìyàwó, ìró rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé Malachy ń bọ̀ wá jẹun. Á gbọ́ ọ lórí òkè, á gbé ọ̀dùnkún kaná, tí ọ̀dùnkún bá máa jinná, Malachy ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Concepta pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ, òun kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun gbé ìkòkò kaná mọ́.

Ní oṣù Kẹrin, wọ́n pè wá sí kóòtù. Mo ti ronú títí, mo sì ti rí ọ̀nà àbáyọ. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan níta kóòtù.

"Koríko," ni mo wí. "Ìdì karùn-ún. A dúró ní géètì, o fún màlúù lóúnjẹ, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló rí i. Iṣẹ́ oko nìyẹn. Kí o sọ fún adájọ́ pé koríko lo ń gbé lọ fún màlúù lọ́jọ́ yẹn. Màá búra tì ẹ́ lẹ́yìn. Òfin ò lè rí wa mú."

Mo rò pé ó ti gbà.

"O fẹ́ kí n wọ ibẹ̀ lọ," ló wí, "kí n sọ pé ẹrù koríko ni mo ń gbé lọ, pé ọkọ mi kàn bá wọn wọkọ̀?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ lo sọ. Àwọn màlúù jẹun torí ebi ń pa wọ́n. Ìrìnàjò yẹn, ti Malachy ni. Mi ò ní pín in fún màlúù."

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo ti bá a rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Inú kò bí mi mọ́.

Adájọ́ obìnrin ni, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí oorun kò tó. Hanratty dìde, ó ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Adájọ́ bi Attracta pé ṣé òtítọ́ ni pé epo aláwọ̀ ewé ló wà nínú katakata náà.

"Òótọ́ ni."

"Ṣé iṣẹ́ oko ni ẹ gbé e lọ ṣe?"

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo àwa tó ti Gortavary wá la ń wo ẹnu rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Mo lọ sin ọkọ mi."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó pa kálámù dé, ó tún ṣí i. Ó ní bí òun bá lè ṣe é, òun ìbá tú ẹjọ́ náà ká, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú òun ti jẹ́wọ́, òfin kò sì ya ìsìnkú sọ́tọ̀. Ó ní òun kò ní gba owó ìtanràn kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ katakata tí wọ́n ti gbà ti di ti ìjọba, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí ìyẹn, wọn yóò tà á ní gbàǹjo. Ó ní òun bá a kẹ́dùn.

"Ẹ ṣé," ni Attracta wí, ó sì jáde.

Gbàǹjo yẹn ló kàn wá. A kò ṣe ìpàdé lé e lórí, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé ohun báyìí ni ká ṣe. A mọ̀ ọ́n. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, bí onílẹ̀ bá gba màlúù ẹni tí kò rí owó ilẹ̀ san, tó sì gbé e lọ sí gbàǹjo, gbogbo ìlú ni yóò lọ, gbogbo ìlú ni yóò dúró, kò sì sẹ́ni tí yóò nawọ́. Ẹni tó bá nawọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìdílé kan ṣì wà ní ìsàlẹ̀ odò tí a kì í yá ní àkàbà, tí ẹ bá sì bi wá ní ìdí, a ò rántí màlúù tí baba ńlá wọn nawọ́ rà mọ́.

Ọgọ́rin èèyàn ló lọ láti Gortavary. Ọgbà ìjọba náà wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n to àwọn ohun tí wọ́n gbà síbẹ̀, mọ́tò, ọkọ̀ akẹ́rù, Massey pupa sì wà ní ìparí pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú. Wọ́n ta gbogbo ìyókù, ariwo pọ̀. Nígbà tó kan Massey, ẹni tó ń lu gbàǹjo ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún méjì. A dákẹ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún kan. A dákẹ́. Oníṣòwò kan tó ti òkèèrè wá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, Concepta ìyàwó mi sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá a sọ̀rọ̀ létí. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí wa, ó sì ki ọwọ́ náà bọ àpò. Títí di òní, Concepta kò tíì sọ fún mi ohun tó wí.

"Ọgọ́rùn-ún yúrò," ni ẹni tó ń lu gbàǹjo wí. "Ẹ̀yin èèyàn, irin ara ẹ̀ nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ." Òógùn ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àádọ́ta. Mẹ́wàá. Ẹ dárúkọ iye kan, ẹ jọ̀ọ́."

Attracta kò lè dárúkọ kankan, ó ti búra pé kọ́bọ̀ òun kò ní wọ àpò wọn. Mo gbé ọwọ́ mi sókè.

"Yúrò kan," ni mo wí.

Ẹni tó ń lu gbàǹjo wò mí, ó wo gbogbo wa. Ó lu òòlù rẹ̀ bí ẹni tó ń lu èékánná ara rẹ̀. Mo san yúrò náà, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Attracta lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo kọ́kọ́ lè wo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Èmi kò mọ obìnrin náà tán.

Hanratty ló dúró nídìí ìwé, òun ló fẹ́ gba ìfọwọ́sí kí ẹrù tó jáde. Attracta rìn lọ bá a.

"Ọ̀gá, epo wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀, mà. A ò fọwọ́ kàn án."

"Epo ewé nìyẹn. Ṣé iṣẹ́ oko ni kéèyàn wa katakata kúrò ní gbàǹjo lọ sílé?"

Ó nàka sí ìta. "Ilé epo wà lódìkejì títì, mà. Ogún yúrò epo funfun ti tó."

"Malachy ò da epo mọ́tò sí katakata rí. Èmi kọ́ ni màá kọ́kọ́ dà á." Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ọkùnrin Gortavary, ẹ ò ní jíìpù kankan tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbé pamọ́ lónìí?"

A kàn lọ fọwọ́ ti katakata ni. Mẹ́jọ ń tì, mẹ́jọ ń dúró dè wọ́n, bí a ṣe máa ń gba pósí léjìká ara wa. Mo wà lórí ìjókòó, mo di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ẹ́ńjìnnì kò sì dún. Báyìí la ṣe jáde sójú títì ńlá ní agogo mẹ́rin, ní àkókò tí gbogbo ìlú ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Máìlì mọ́kànlá ló ti ibẹ̀ dé Gortavary. Láàárín wákàtí kan, a kò tíì rin máìlì kan, mọ́tò sì ti tò sẹ́yìn wa lọ kọjá ibi tí ojú mi lè dé. Àwọn kan ń fun fèrè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dákẹ́, mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa tì í.

Ọkọ̀ funfun kọ́sítọ́mù wà nínú àwọn tó há. Hanratty fi ẹsẹ̀ rìn wá bá wa, ó ti tú táì ọrùn rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mú yín."

Attracta ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fi ọwọ́ kan lé e. "Bẹ́ẹ̀ náà la rò lọ́jọ́ ìsìnkú. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí n kọ kí ni?"

"Pé kí katakata Malachy Gilhooly máa lọ sílé pẹ̀lú epo tó wà nínú ẹ̀. Pé ohun tó bófin mu ni."

"Mi ò láṣẹ láti kọ irú ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ẹ máa tì í, ẹ̀yin ọmọ."

A tì í. Ó tó bí ìgbésẹ̀ ogún kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀ pé ká dúró. Ó fa ìwé jáde lápò, ìwé kan náà tí ó fi kọ ọ̀ràn sí wa lọ́rùn, ó yí ojú ewé kan sódì, ó sì kọ ọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Massey. Attracta mú awò rẹ̀ jáde, ó fi sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì níbi tí gbogbo ìlú ti ń dúró dè é.

"O ò tíì fọwọ́ sí i," ló wí.

Hanratty gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Attracta ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò, ó gun irin tó bo táyà ẹ̀yìn, ó jókòó sórí rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó nígbà tí òun àti Malachy ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Massey wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì dáhùn. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́ lójú títì yẹn, àwọn tí a kò tilẹ̀ mọ̀ rí.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè bóyá mo ti ronú pìwà dà, epo wo ló wà nínú jíìpù mi nísinsìnyí. Ẹ má bi mí. Ohun tó wà láàárín èmi àti ìjọba, á wà láàárín wa. Ohun tó wà láàárín èmi àti Attracta nìkan ni mo ní láti tún ṣe.

Nígbà tí a dé itẹ́ òkú lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ kan èjìká mi. Mo dúró ní ẹnu géètì, níbi tí mo ti fi katakata náà sílẹ̀ lọ́jọ́sí, mo sì na ọwọ́ láti pa á.

"Má pa á," ló wí. "Jẹ́ kó gbọ́ ọ."

A jókòó síbẹ̀, Massey ń kùn lábẹ́ wa, koríko sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí sàréè náà. Ó sunkún nígbà yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú mi rí i. N kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbá mi léjìká.

"Ó tó, Fintan. Epo ń jó. Mo fẹ́ lọ gbé ọ̀dùnkún kaná."